Ọlọ́pàá yìnbọn, èèyàn kú: báwo ni kí rédíò ṣe kà á?

Àdùkẹ́ Olóòtú:
Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ kan dá awuyewuye sílẹ̀ ní yàrá ìròyìn wa lónìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa dá sí i. A fẹ́ ṣe ètò lórí bí rédíò Yorùbá ṣe ń kéde ikú ẹni tí ọlọ́pàá bá yìnbọn fún, la bá lọ tú àwọn ìròyìn àtijọ́ jáde. Ti Bọ́láńlé Raheem la kọ́kọ́ mú, agbẹjọ́rò tí ọlọ́pàá yìnbọn fún nínú ọkọ̀ lábẹ́ afárá Ajah, l'Ékòó, ní 25 December 2022, ọjọ́ Kérésìmesì. Ọkọ rẹ̀ ló ń wa ọkọ̀, wọ́n fẹ́ yí padà lábẹ́ afárá ni.

Ohun tí àwa kà lórí afẹ́fẹ́ nìyí: "Agbẹjọ́rò obìnrin kan ti jáde láyé ní Ajah lẹ́yìn tí ọta ìbọn bà á níbi tí àwọn ọlọ́pàá ti ń dá ọkọ̀ dúró."

Ohun tí ilé-iṣẹ́ rédíò mìíràn kà, tí ẹnì kan gbà sílẹ̀ fún wa, nìyí: "Ọlọ́pàá ọ̀dájú tún ti gbẹ̀mí ọmọ Yorùbá, aláboyún ìbejì, lọ́jọ́ ọdún!"

Ọ̀gá mi ní tiwa ni kò gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Èmi ní tiwa gan-an ló gbè jù. Kí lẹ rí sí i?

Ìyá Ìbejì Agége:
Èwo ni ká tún máa bira wa léèrè? Ti ìkejì yẹn ló wọ̀ mí lára. "Ọta ìbọn bà á." Ọta tó jí láàárọ̀, tó wẹ̀, tó wọ bàtà, tó ní òun ń lọ sí Ajah! Ẹ̀rù ọlọ́pàá ló ń bà yín, ẹ má fi àìṣègbè bojú.

Ọ̀gá Fẹ̀yìntì:
Ẹ rọra, madam. Agbẹ́jọ́ẹnìkan-dájọ́, àgbà òṣìkà ni. Mo ṣiṣẹ́ ọlọ́pàá títí mo fi gba ìwé ìfẹ̀yìntì, mo mọ ohun tí mò ń sọ. Lálẹ́ ọjọ́ tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ bá ṣẹlẹ̀, kò sí ẹni tó tíì mọ̀ ọ́n dópin. Ọlọ́pàá mẹ́ta ni wọ́n tì mọ́lé lórí ọ̀rọ̀ yẹn, ọ̀gá ọlọ́pàá kan tó wà nípò ASP àti àwọn méjì tó bá a wà níbẹ̀. Ká ní rédíò ti pe gbogbo wọn ní apànìyàn lálẹ́ ọjọ́ náà, àwọn méjì yòókù ńkọ́? Wọn ò lọ́mọ nílé ìwé ni? Ti àkọ́kọ́ yẹn ni mo fara mọ́.

Lọ́yà Sùúrù:
Mo kí gbogbo ilé. Ẹ jẹ́ ká ya nǹkan méjì sọ́tọ̀ kí ọ̀rọ̀ má baà dàrú. "Ọlọ́pàá yìnbọn pa á" yàtọ̀ sí "ọlọ́pàá jẹ̀bi ìpànìyàn." Ti àkọ́kọ́, ohun tó ṣẹlẹ̀ ni: ìbọn wà lọ́wọ́ ọlọ́pàá, ó dún, obìnrin náà kú. Ti ìkejì, adájọ́ nìkan ló lẹ́nu láti sọ ọ́. Ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999, ẹsẹ̀ 36, abala 5, ní aláìjẹ̀bi ni ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn títí ilé ẹjọ́ yóò fi dá a lẹ́bi. Kò sí ibi tí ẹsẹ̀ yẹn ti ní kí akọ̀ròyìn máa ṣe bí ẹni pé ìbọn ló yin ara rẹ̀.

ASP Drambi Vandi ni wọ́n gbé lọ sílé ẹjọ́ ní January 2023. Ó ní òun kò jẹ̀bi. Adájọ́ Ibironke Harrison ti ilé ẹjọ́ gíga Ìpínlẹ̀ Èkó dá a lẹ́bi ní 9 October 2023, ó sì ní kí wọ́n yẹgi fún un. Ẹni tó bá ṣì ń kọ "ọta ìbọn bà á" lẹ́yìn ìdájọ́ yẹn ń parọ́ fún aráàlú ni. Ẹni tó sì kọ "ọlọ́pàá ọ̀dájú" lálẹ́ ọjọ́ Kérésìmesì, kò tíì sí lórí àga adájọ́ nígbà náà.

Ìyá Ìbejì Agége:
Lọ́yà, ẹ ṣeun o, àmọ́ ọ̀dájú kì í ṣe ẹjọ́. Ìwà ni. Ẹni tó yìnbọn sínú ọkọ̀ tí ìdílé wà nínú rẹ̀, kí lẹ fẹ́ kí n pè é, olójú àánú?

Akin Bọ́ọ̀lù:
Ẹ rántí Kọ́ládé Johnson. 31 March 2019, ní Onípẹ̀tẹ́sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Mangoro. Liverpool àti Tottenham ló ń gbá bọ́ọ̀lù, àwọn èèyàn ń wò ó nílé ìwòran. Àwọn ọlọ́pàá tó ń gbógun ti ẹgbẹ́ òkùnkùn wọ àdúgbò, wọ́n fẹ́ mú ẹnì kan, gbogbo ibẹ̀ dàrú, ìbọn dún, ọmọ ọlọ́mọ kú. Ohun tí mo kọ́kọ́ kà lórí fóònù mi ni pé ọta tó ṣìnà ló bá a. Ọta tó ṣìnà! Ẹni tó ń yìnbọn láàárín èrò tó ń wo bọ́ọ̀lù, ọ̀nà wo ló fẹ́ kí ọta gbà tẹ́lẹ̀? Gbólóhùn yẹn ti dájọ́ pé èèṣì ni kí ẹnikẹ́ni tó dé iwájú adájọ́. Ọ̀gá Fẹ̀yìntì, ṣé ìyẹn náà kì í ṣe agbẹ́jọ́ẹnìkan-dájọ́?

Ọ̀gá Fẹ̀yìntì:
@Akin Bọ́ọ̀lù, ìbéèrè dáadáa lo bi mí, ọmọ mi. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ. Tí irú nǹkan báyìí bá ṣẹlẹ̀, DPO, ìyẹn ọ̀gá àgọ́ ọlọ́pàá, ni yóò kọ́kọ́ kọ̀wé sókè, signal là ń pè é. Signal yẹn yóò lọ sọ́dọ̀ àwọn tó wà lókè rẹ̀ títí dé ọ́fíìsì kọmíṣánnà. Ibẹ̀ ni alukoro ti máa rí ohun tó fẹ́ bá ẹ̀yin oníròyìn sọ. Alukoro kò sí níbẹ̀. Kọmíṣánnà kò sí níbẹ̀. Ohun tí wọ́n bá kọ sí i ló mọ̀. Nítorí náà, ẹ má pe alukoro ní òpùrọ́.

Mojí Nọ́ọ̀sì:
Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ̀yin lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bá Ìyá Ìbejì gbèjà yẹn o. Ẹni tó kọ signal, ọ̀gá ẹni tó yìnbọn ni. Ọ̀rọ̀ tó ti ẹnu ẹni tọ́rọ̀ kàn jáde, tó gba ọ́fíìsì mẹ́ta kọjá, tó wá wọ rédíò ní aago méje alẹ́, tí ẹni tó ń gbọ́ sì rò pé ìjọba ló wádìí rẹ̀. Ta ló kọ signal fún ẹni tó kú?

Ọ̀gá Fẹ̀yìntì:
Ọkọ Bọ́láńlé wà láàyè, ó sì lẹ́nu. Ẹ lè pè é.

Mojí Nọ́ọ̀sì:
Lálẹ́ ọjọ́ tí ìyàwó rẹ̀ kú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú ọkọ̀? Ẹ̀yin náà ẹ gbọ́ ara yín.

Ọmọ Odùduwà Gidi:
Gbogbo yín ń sá fún ohun tó wà nílẹ̀. Wọ́n ń kó àwọn ará Òkè Ọya wá sí ilẹ̀ Yorùbá, wọ́n ń gbé ìbọn lé wọn lọ́wọ́, wọn ò mọ èdè wa, wọn ò mọ àṣà wa, wọ́n ń pa wá bí ewúrẹ́. Rédíò tó sọ "ọmọ Yorùbá" yẹn ló sọ òkodoro ọ̀rọ̀. Ẹ yé fi àìṣègbè tan ara yín jẹ.

Akin Bọ́ọ̀lù:
@Ọmọ Odùduwà Gidi, orúkọ ọlọ́pàá tí ilé ẹjọ́ dá lẹ́bi ikú Kọ́ládé Johnson ni Ògúnyẹmí Ọlálékan. Apá ibo ní Òkè Ọya nìyẹn wà?

Lọ́yà Sùúrù:
😂 Akin, o ti parí iṣẹ́ mi.

Ọmọ Odùduwà Gidi:
Ẹyọ kan ṣoṣo lẹ rí mú. Ẹ lọ ka iye wọn.

Àdùkẹ́ Olóòtú:
@Ọmọ Odùduwà Gidi, ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, ṣùgbọ́n ìdí tí mi ò fi lè ka ti ìkejì yẹn lórí rédíò nìyẹn gan-an. "Ọmọ Yorùbá" kò sọ ohunkóhun fún olùgbọ́ nípa bó ṣe kú. Ohun tó ń bá olùgbọ́ sọ ni ẹni tó yẹ kó bínú sí. Tí mo bá kà á ní aago méje, tí wọ́n wá ṣe aláìṣẹ̀ kan tó ń ta àlùbọ́sà ní Ṣáṣá léṣe ní aago mẹ́jọ, ta ni kí wọ́n mú? Ẹ rántí ìjà Yorùbá àti Hausa tó ṣẹlẹ̀ ní Ṣáṣá, n'Ìbàdàn, ní February 2021.

Ṣẹ́gun Tottenham:
Ẹ kú alẹ́ o. London ni mo wà, nítòsí ibi tí wọ́n ti yìnbọn pa Mark Duggan, ẹ jẹ́ kí n fi tiwa kún un. 4 August 2011 ni. Ọlọ́pàá dá takisí tó wọ̀ dúró ní Ferry Lane, Tottenham Hale, wọ́n yìnbọn pa á. IPCC, àjọ tó ń wádìí ẹ̀sùn lórí ọlọ́pàá nígbà náà, jẹ́ kí àwọn akọ̀ròyìn gbà pé ìbọn lọ, ìbọn bọ̀. Ọta kan wà nínú rédíò ọlọ́pàá kan, òun ni wọ́n fi ṣe ẹ̀rí. Ilé ìròyìn ńláńlá gbé e báyìí. Lẹ́yìn náà ni àyẹ̀wò fi hàn pé ọta ọlọ́pàá fúnra wọn ló wà nínú rédíò yẹn. Duggan kò yìnbọn kankan. IPCC wá jẹ́wọ́ pé ó ṣeé ṣe kí àwọn ti ṣi àwọn akọ̀ròyìn lọ́nà.

Àtúnṣe yẹn kò sáré bí irọ́ àkọ́kọ́. Èèyàn wà ládùúgbò mi títí dòní tó máa búra fún ẹ pé Duggan ló kọ́kọ́ yìnbọn.

Fọ́tò náà ńkọ́? Ìwé ìròyìn ń lo fọ́tò kan tí ojú rẹ̀ le koko, bí ẹni tó fẹ́ jà. Wọ́n ti gé fọ́tò yẹn ni. Nínú odindi rẹ̀, ohun ìrántí ọmọbìnrin rẹ̀ tó kú ló dì mú lọ́wọ́, ó ní àwòrán ọkàn. Bàbá tó ń ṣọ̀fọ̀ ni wọ́n gé di jàǹdùkú. Kò sí ẹni tó kọ irọ́ kankan sábẹ́ fọ́tò náà o. Sísọ́ọ̀sì ni wọ́n lò.

Ọ̀gá Fẹ̀yìntì:
Ṣẹ́gun, ẹ parí ìtàn náà. Kí ni àwọn ìgbìmọ̀ tó jókòó lórí ikú rẹ̀ sọ?

Ṣẹ́gun Tottenham:
N ó parí rẹ̀, sà. Ní January 2014, mẹ́jọ nínú mẹ́wàá wọn ní pípa tí wọ́n pa á bá òfin mu. Àwọn kan náà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn gbà pé kò sí ìbọn lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí wọ́n yìnbọn fún un. Ìbọn kan wà lóòótọ́, inú ìbọ̀sẹ̀ ló wà, òdìkejì ọgbà ni wọ́n ti rí i. Ní 2019, ọlọ́pàá London bá ẹbí rẹ̀ yanjú ẹjọ́ owó gbà-má-bínú láìgbà pé àwọn jẹ̀bi. Gbogbo rẹ̀ ni mo máa ń sọ fún ẹni tó bá bi mí. Èyí tó bá ọlọ́pàá lára mu ń bẹ níbẹ̀, èyí tó bá ẹbí lára mu ń bẹ níbẹ̀. Mi ò rí ìdí tí ilé ìròyìn kò fi lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Ọ̀gá Fẹ̀yìntì:
Ẹ gbọ́ o, gbogbo ilé! Òfin dá ọlọ́pàá láre. Nígbà tí rédíò bá ti pariwo "ọ̀dájú" tán, báwo ló ṣe fẹ́ kó o padà?

Ìyá Ìbejì Agége:
London ni, bàbá. Ajah là ń sọ.

Lọ́yà Sùúrù:
Ọ̀gá wa, ìwé òfin wa náà fún ọlọ́pàá láyè, mo gbà. Ẹsẹ̀ 33 ní bí agbára tí wọ́n lò kò bá ju bó ṣe yẹ lọ, nígbà tí wọ́n ń mú ẹni tí òfin ní kí wọ́n mú, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Force Order 237 yín, ìlànà ọlọ́pàá lórí ìgbà tí wọ́n lè yìnbọn, náà ń bẹ. Ṣùgbọ́n ta ni wọ́n ń mú lábẹ́ afárá Ajah? Ibi tí akọ̀ròyìn ti wúlò nìyẹn. Kí ó bi alukoro lálẹ́ ọjọ́ yẹn: ẹ̀sùn wo ni wọ́n fi kan àwọn tó wà nínú ọkọ̀? Tí alukoro bá ní kò sí, kó kà á lórí afẹ́fẹ́ pé kò sí. Kò nílò "ọ̀dájú" kankan mọ́ lẹ́yìn ìyẹn.

Àdùkẹ́ Olóòtú:
@Lọ́yà Sùúrù, ẹ ti sọ ọ́ ju bí mo ṣe lè sọ ọ́ fún ọ̀gá mi lọ. Ká sọ òótọ́, àtẹ̀jáde ọlọ́pàá Èkó lórí ọ̀rọ̀ yẹn kò tilẹ̀ ta kókó. Wọ́n kẹ́dùn, wọ́n sì ní àwọn ti mú àwọn ọlọ́pàá náà. Kò sí ibi tí wọ́n ti ní obìnrin náà ṣe nǹkan kan. Àwa la wá lọ fi "ọta ìbọn bà á" sí i! A gbè sẹ́yìn ọlọ́pàá ju bí ọlọ́pàá ṣe gbè sẹ́yìn ara wọn lọ.

Ọmọ Ṣàgámù:
Ẹ̀yin ará Èkó, ẹ jẹ́ kí àwa náà sọ̀rọ̀. Tiyamiyu Kazeem, Kaka, ẹlẹ́sẹ̀ ayò Remo Stars. 22 February 2020. Tirẹ̀ kì í ṣe ìbọn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan náà ni. Ọlọ́pàá SARS, ẹ̀ka tó ń gbógun ti ìdigunjalè nígbà náà, mú òun àti ẹnìkejì rẹ̀, wọ́n ń gbé wọn lọ. Alukoro ọlọ́pàá Ògùn ní ó fẹ́ sá lọ ni, ni ọkọ̀ bá gbá a. Ẹnìkejì rẹ̀ tí wọ́n jọ wà nínú ọkọ̀ ọlọ́pàá ní wọ́n tì í jáde ni. Ọ̀kan ní ó bẹ́, ọ̀kan ní wọ́n tì í.

Rédíò tí mo gbọ́ láàárọ̀ ọjọ́ kejì sọ pé "agbábọ́ọ̀lù kan kú níbi tó ti ń sá fún ọlọ́pàá." Wọ́n kàn mú ọ̀kan, wọ́n sì kà á bí ẹni pé ìròyìn ni, wọn ò ní alukoro ló sọ ọ́. Ìlú gbiná lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, àwọn kan tún kú nínú ìfẹ̀hónúhàn náà. Mi ò sọ pé rédíò ló dá a sílẹ̀ o. Ṣùgbọ́n ẹni tó mọ Kaka, tó gbọ́ "ó ń sá fún ọlọ́pàá," olè ló gbọ́.

Mojí Nọ́ọ̀sì:
"Alukoro ní." Sílébù márùn-ún péré, ó sì gbà wọ́n là. Kí ló dé tó ń wọ̀ yín lọ́rùn tó bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin oníròyìn?

Àdùkẹ́ Olóòtú:
@Mojí Nọ́ọ̀sì, àyè kò sí nínú ìròyìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, èyí kọ́kọ́ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn nìkan. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ọ̀gá mi sọ nígbà tí ilẹ̀kùn wà ní títì. Ó ní, "Ìwọ rántí October 2020?" Ní 26 October ọdún náà, NBC, àjọ ìjọba tó ń ṣàkóso rédíò àti tẹlifíṣàn, bu owó ìtanràn lé Channels, AIT àti Arise, mílíọ̀nù mẹ́ta náírà ẹnì kọ̀ọ̀kan, pé wọ́n lo fídíò orí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọn ò yẹ̀ wò nígbà ìfẹ̀hónúhàn EndSARS. Ilé-iṣẹ́ tiwa yìí, tí a fi ń tọrọ epo jẹnẹrétọ̀, ta ló fẹ́ san mílíọ̀nù mẹ́ta fún wa? Láti ìgbà yẹn, tí ọ̀gá mi bá ti rí "ọlọ́pàá" àti "pa" nínú gbólóhùn kan, ọwọ́ rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ẹ̀rù owó ni, ó wá wọ ẹ̀wù àìṣègbè.

Ìyá Ìbejì Agége:
Mo ti sọ ọ́ láti òkè pé ẹ̀rù ni! Ẹ padà lọ kà á.

Àdùkẹ́ Olóòtú:
Ẹ sọ ọ́ lóòótọ́, mà. Ṣùgbọ́n ẹ ní ẹ̀rù ọlọ́pàá ni 🙂

Lọ́yà Sùúrù:
Ẹ má gbàgbé pé lórí ọ̀rọ̀ Lekki, 20 October 2020, níbi tí ìbọn ti dún láàárín àwọn tó ń ṣe ìfẹ̀hónúhàn EndSARS, sójà ni wọ́n fẹ̀sùn yìnbọn kàn jù, kì í ṣe ọlọ́pàá. Síbẹ̀ ohun tó tẹ̀lé e kọ́ wa lọ́gbọ́n. Ìgbìmọ̀ Adájọ́ Doris Okuwobi, tí ìjọba Èkó fúnra rẹ̀ gbé kalẹ̀, jábọ̀ ní November 2021, wọ́n ní ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ ṣeé pè ní ìpakúpa. Ìjọba Èkó ní àwọn kò gba apá yẹn. Mínísítà ètò ìròyìn nígbà náà, Lai Mohammed, ti ń sọ tipẹ́ pé ìpakúpa tí kò lókùú ni. Akọ̀ròyìn tó bá fẹ́ kọ ọ́ lónìí, ó ní láti sọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí ó sì sọ ẹni tó gbọ́ ẹlẹ́rìí lára wọn àti ẹni tí kò gbọ́. Wọn ò rí bákan náà. Ìgbìmọ̀ jókòó fún bí ọdún kan.

Ọ̀gá Fẹ̀yìntì:
Ibí yìí ni mo ti fẹ́ kí ẹ gbọ́ mi yé. Ẹ̀yin ń rí ọlọ́pàá tó yìnbọn. Ẹ ò rí èyí tí wọ́n pa nígbà EndSARS, tí wọ́n sun àgọ́ rẹ̀. Rédíò wo ló lọ sí ilé opó rẹ̀? Tí ẹ bá fẹ́ ìdọ́gba, kí ó jẹ́ ìdọ́gba tòótọ́.

Mojí Nọ́ọ̀sì:
Sà, ẹ̀dùn ọkàn ni tiwọn náà, kí Ọlọ́run tu àwọn ẹbí wọn nínú. Ètò tiwọn náà yẹ kó wà. Àmọ́ mi ò rò pé ó yẹ ká máa gbé e sínú ìròyìn ikú Bọ́láńlé. Ẹni tó kú lábẹ́ afárá kò sun àgọ́ ẹnikẹ́ni.

Ọ̀gá Fẹ̀yìntì:
Mo gbọ́.

Mojí Nọ́ọ̀sì:
Nǹkan kan wà tó ń dùn mí láti ìbẹ̀rẹ̀. Oyún yẹn. Ẹ̀yin méjèèjì, rédíò tó fi sí i àti èyí tí kò fi sí i, kò sí èyí tó bi ẹbí bóyá kí àwọn sọ ọ́. Níbi iṣẹ́ mi, tí mo bá sọ ohun tó wà nínú ìwé aláìsàn fún ará òde, wọn yóò lé mi. Ìròyìn gbé e kiri ayé pé ó lóyún ìbejì kí wọ́n tó sin ín.

Ìyá Ìbejì Agége:
Nọ́ọ̀sì mi, níbí ni mo ti bá ẹ jà. Èmi bí ìbejì. Tó bá jẹ́ èmi ni, mo fẹ́ kí ayé gbọ́ pé ẹ̀mí mẹ́ta ni. Ṣé kí wọ́n kú sínú òkùnkùn, kí rédíò má baà ṣègbè? Wọ́n ò ṣe àwáwí, ó lóyún.

Mojí Nọ́ọ̀sì:
Mà, mi ò ní kí wọ́n fi pa mọ́. Mo ní kí ẹbí ló kọ́kọ́ sọ ọ́. Nǹkan mìíràn tún ni pé tí kò bá lóyún ńkọ́? Tí kì í bá ṣe lọ́yà? Ṣé ikú rẹ̀ á fúyẹ́ ni?

Akin Bọ́ọ̀lù:
@Mojí Nọ́ọ̀sì, ẹ ò tilẹ̀ mọ ibi tí ẹ fọwọ́ bà yẹn. Gafaru Buraimoh. Ta ló rántí orúkọ yẹn níbí?

Ọmọ Ṣàgámù:
Ta nìyẹn?

Akin Bọ́ọ̀lù:
Ṣé ẹ rí i? Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù December 2022 kan náà, ní Ajah kan náà, wọ́n yìnbọn pa Gafaru Buraimoh. Ìròyìn tó jáde ní ọlọ́pàá àgọ́ Ajiwe ni wọ́n fẹ̀sùn rẹ̀ kàn, àgọ́ tí Vandi ti wá. Kérésìmesì kò tíì dé. Ká ní rédíò dúró lórí ọ̀rọ̀ Gafaru fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré, kí wọ́n máa pe alukoro lójoojúmọ́, "àgọ́ Ajiwe yẹn ńkọ́? Ta ló kó ìbọn lé wọn lọ́wọ́ níbẹ̀?" Mi ò ní Bọ́láńlé ì bá wà láàyè o, mi ò kì í ṣe Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ń jà lórí gbólóhùn tí ẹ kọ nípa ẹni tí ẹ kọ nípa rẹ̀. Ẹni tí ẹ ò kọ ohunkóhun nípa rẹ̀ ńkọ́?

Ìyá Ìbejì Agége:
Háà. Ọmọ yìí, o gba ẹnu mi.

Lọ́yà Sùúrù:
Ẹgbẹ́ wa, NBA, dìde lórí ọ̀rọ̀ Bọ́láńlé nítorí pé ọ̀kan nínú wa ni. Agbẹjọ́rò àgbà Ìpínlẹ̀ Èkó fúnra rẹ̀ ló ṣáájú àwọn tó rojọ́ takò Vandi. Ọlọ́pàá tó bá Vandi wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà wá jẹ́rìí. Mi ò rò pé ẹjọ́ yẹn ì bá parí láàárín oṣù mẹ́wàá ká ní mẹkáníìkì ló kú. Ẹ̀yin oníròyìn tẹ̀ lé wa ni. Ibi tí ariwo bá wà lẹ ń lọ.

Àdùkẹ́ Olóòtú:
Mo ń ka gbogbo rẹ̀, mo sì ń kọ. Àwọn àgbà iṣẹ́ wa fọwọ́ sí ìlànà kan ní Ìlọrin ní 1998, tó ní kí akọ̀ròyìn ya ohun tó ṣẹlẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ìméfò àti èrò tirẹ̀. Ọ̀gá mi máa ń ka ìlànà yẹn sí mi létí. Ẹ wo èyí tí mo fẹ́ fi hàn án láàárọ̀ ọ̀la, gẹ́gẹ́ bí ohun tó yẹ ká ti kà lálẹ́ ọjọ́ Kérésìmesì yẹn:

"Ọlọ́pàá kan ti yìnbọn pa agbẹjọ́rò Bọ́láńlé Raheem nínú ọkọ̀ lábẹ́ afárá Ajah lónìí. Òun àti ìdílé rẹ̀ ni wọ́n jọ wà nínú ọkọ̀. Ilé-iṣẹ́ ọlọ́pàá Èkó ní àwọn kẹ́dùn, wọ́n sì ní àwọn ti mú ọlọ́pàá mẹ́ta láti àgọ́ Ajiwe. Wọn ò sọ ìdí tí wọ́n fi yìnbọn. Oṣù yìí kan náà ni wọ́n fẹ̀sùn kan ọlọ́pàá àgọ́ Ajiwe lórí ikú Gafaru Buraimoh."

Ẹ bá mi gé e, ẹ bá mi fi kún un.

Ọ̀gá Fẹ̀yìntì:
"Ọlọ́pàá kan ti yìnbọn pa." Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, kọ "ìbọn ọlọ́pàá ló pa á." Ẹni tó fà á, jẹ́ kí ìwádìí sọ. Ìyókù, mi ò ní àríwísí.

Lọ́yà Sùúrù:
Mo lè fara mọ́ tọ̀gá níbí. "Ìbọn ọlọ́pàá ló pa á" kò fi ẹnikẹ́ni pa mọ́, kò sì dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi.

Ìyá Ìbejì Agége:
Èmi ò fara mọ́ ọn. Ìbọn tún ti padà dá rìn lọ sí Ajah.

Ọmọ Odùduwà Gidi:
Ẹ ti yọ "ọmọ Yorùbá" kúrò pátápátá. Ẹ kú iṣẹ́ o.

Ṣẹ́gun Tottenham:
Àdùkẹ́, gbólóhùn "wọn ò sọ ìdí" yẹn ni kí o má jẹ́ kí ọ̀gá rẹ gé. Òun ni yóò mú kí ẹnì kan tún pe alukoro láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Fọ́tò orí Facebook yín ńkọ́? Èwo lẹ lò?

Àdùkẹ́ Olóòtú:
Èyí tó ti ń rẹ́rìn-ín, ẹ̀gbọ́n. Ìyẹn la ṣe dáadáa. Ti Gafaru, a ò ní fọ́tò rẹ̀ kankan. Ètò náà ku ọjọ́ mélòó kan, mo sì fẹ́ pín in sí méjì, kí tirẹ̀ gba ìdajì. Ẹnikẹ́ni tó bá wà ní Ajah, tó mọ ibi tí ẹjọ́ rẹ̀ dé dúró, kí ó kọ̀wé sí mi níkọ̀kọ̀, ẹ jọ̀ọ́.

Ọ̀gá Fẹ̀yìntì:
Mo ní ọmọ iṣẹ́ mi kan tẹ́lẹ̀ tó ṣì wà ní Pántì, ọ́fíìsì ọlọ́pàá ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ l'Ékòó. N ó pè é lọ́la, yóò mọ ilé ẹjọ́ tó wà. Ṣùgbọ́n ẹ má dárúkọ rẹ̀, ẹ má sì dárúkọ èmi náà.

Ìyá Ìbejì Agége:
"Ẹnì kan tí kò fẹ́ ká dárúkọ òun ní..." Ẹ ti rí i báyìí! Bàbá, ẹ pè é ṣá. Ẹ tètè pè é.